Aṣọ Ìka Méjì Tó Wà Létí Téèpù Mi

Ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ògiri kílíníìkì kékeré yẹn ní Ìgàndó, nítorí náà òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti òórùn oògùn apakòkòrò ló jọ máa ń kí ènìyàn káàárọ̀ níbẹ̀. Títí dòní, tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì kọjá, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ tutù kí ara mi tó balẹ̀.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá kí n tó sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ló wà lọ́kàn mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ wọ̀ ní kí n kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ènìyàn, kí n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù tó ni kílíníìkì náà, ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gbà mí, ó sì sọ mí ní Ìyá Télọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Mo ń gbálẹ̀, mo ń se irinṣẹ́ nínú omi, mo ń kọ nǹkan sínú káàdì àwọn aláboyún. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé ìwà tó dáa nìyẹn fún irú ibẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí téèpù kílíníìkì di àwátì. Mo yọ tèmi nínú báàgì, inú mi sì dùn pé mo wúlò. Mátírọ́ọ̀nù fi wọn ikùn obìnrin kan tí oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ kò dúró.

"Sẹ̀ǹtímítà méjìdínlọ́gbọ̀n," ó ní. Mo kọ ọ́. Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá náà nìyí. Ọmọ yìí ò dàgbà sí i."

Ó fetí sí ikùn náà, ó gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò túká. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tún ti ṣẹlẹ̀ ni?" obìnrin náà bi í.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òní yìí lo máa lọ, má yà síbì kankan."

Obìnrin náà ń wá bàtà rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo ń ká téèpù mi nígbà tí àtàǹpàkò mi kan ojú rírán. Irin etí téèpù náà ti já láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti rán aṣọ tó fẹ̀ tó ìka méjì mọ́ ọn kó má baà máa ya. Ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rírán yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n láìronú. Ẹnikẹ́ni ò bá mi lo téèpù náà rí. Etí aṣọ ni Mátírọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀, iye tó kà sì ti fi ìka méjì dín.

Mo dúró síbẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, ìwé ẹ̀rí mi lè lọ nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n dáadáa níbi tó ń lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sunkún. Mo sáré. N kò sáré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama.

"Àǹtí, ẹ dúró! Téèpù mi ni, kì í ṣe ọmọ yín!"

A padà wọlé, Mátírọ́ọ̀nù sì tún ikùn rẹ̀ wọ̀n láti ojú rírán. Méjìlélọ́gbọ̀n, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà jókòó tì í.

"Ìyá Télọ̀, ó tó ọdún mélòó tí aṣọ yìí ti wà níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́jọ, mà."

"O ò sì lè sọ?"

"Ẹ ò bi mí, mà."

"Háà! Ṣé ikùn aboyún ló máa bi ẹ́ ni?"

Lọ́sẹ̀ kejì, ó fún mi ní ìwé ẹ̀rí náà. Ìlà kan ṣoṣo ni mo há sórí nínú rẹ̀: "Tó bá ṣe àṣìṣe, á sọ ọ́ kí wọ́n tó mọ̀."

Mo ti wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ mi nìkan mọ̀, ẹlòmíràn ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá na ohunkóhun sí ènìyàn ní wọ́ọ̀dù, màá kọ́kọ́ sọ àbùkù rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo lè bí lọ́mọ, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ: "Ìyá, ṣíbí yìí náà ńkọ́?"

Màá ní kò ní àbùkù. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.