Ìjọ́ Kẹjọ ní Vancouver

Ìdájí Mọ́ńdè ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè wá láti Vancouver pé ìyàwó òun ti bí obìnrin. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Mọ́mì máa ní nìyẹn. Ó jó yí pálọ̀ wa ní Ìpọ̀nrí ká, ó ní dandan ni kí òun wà níbẹ̀ ní ìjọ́ kẹjọ, torí orúkọ kan wà tí òun ti ń tọ́jú fún ọmọ náà. Mo ní kó sọ ọ́ létí mi. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Ta ló ń dárúkọ ọmọ kí wọ́n tó kó o jáde?

Físà ti wà nílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ló kù, èmi ni wọ́n sì dì í rù. Mo bi fóònù mi bí Èkó ṣe jìnnà sí Vancouver tó. Ó ní ó lé ní ẹgbàárùn-ún kìlómítà, pé bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Irọ́ lásán! Ìlà gbọọrọ kan ló fà sórí òkun, bẹ́ẹ̀ kò sí bàálù tó ń gbéra ní Ìkẹjà lọ síbẹ̀ tààrà. Bàálù méjì ni Mọ́mì máa wọ̀. Yóò gbéra láàárọ̀ Sọ́ńdè, yóò dé lálẹ́ Sọ́ńdè yẹn náà, síbẹ̀ àpapọ̀ wákàtí tí wọ́n kọ síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ kan gbáko.

Mọ́mì ní, “Kí n wà lójú sánmà tọ̀sán tòru, kí n sọ̀ kalẹ̀, kó ṣì jẹ́ Sọ́ńdè? Sọ́ńdè wo nìyẹn?”

Mo ní ilẹ̀ tiwa ló máa ń mọ́ ṣáájú tiwọn. Èmi tí mò ń ṣàlàyé gan-an, kò yé mi. Ohun tó dá wa lójú ni pé Mọ́ńdè ni wọ́n bímọ, Mọ́ńdè ni ìjọ́ kẹjọ máa pé, Mọ́mì á sì ti sun oorun kan kó tó dìgbà náà.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pe fídíò. Àlejò kún ilé ẹ̀, oyin àti iyọ̀ wà lórí tábìlì, pásítọ̀ ti dìde dúró. Ó ní Mọ́mì dà? Àárọ̀ Sọ́ńdè tí mo fi ránṣẹ́ sí i, ìgbà tí yóò dé ló pè é. Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń fi Sọ́ńdè ṣe ìkómọ Mọ́ńdè. Ó ní Mọ́ńdè báwo, ṣebí ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n bí ọmọ lọ́dọ̀ àwọn. Orí mi dàrú pátápátá. Gbogbo wa ń pariwo ìjọ́ kẹjọ, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọjọ́.

Ó ní, “Ó dáa, sọ orúkọ tí Mọ́mì ń mú bọ̀, ká bá a pè é.”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mọ́mì wà nínú bàálù lójú sánmà, níbi tí fóònù kò dé. Mo bú sẹ́kún níwájú àlejò. Pásítọ̀ ṣì ní ibòmíràn tó ń lọ, wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ.

Nígbà tí Mọ́mì dé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ tiẹ̀, káwọn fi kún un. Ó ní ọmọ ti gbọ́ orúkọ tó máa jẹ́, kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní bí Mọ́mì bá fẹ́ wẹ ọmọ, ó máa ń ti ilẹ̀kùn, àwọn a sì máa gbọ́ tó ń pe orúkọ kan jẹ́jẹ́ nínú ibẹ̀.