Etí Kan fún Bàbá Àmínà

Ẹni tó bá wù, kó pè mí ní òpùrọ́. Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí, wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, kò dùn mí mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, nínú yàrá mi ní Ẹgbẹ́dá, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń jó páànù lórí wa. Kì í ṣe òru. Mi ò sùn. Orí mi sì pé, ṣá.

Bàbá Àmínà ni ọkọ mi. Iṣẹ́ ríwáyà ló ń ṣe ní ibùdókọ̀ Command, àwọn tó máa ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Tó bá tún rédíò ọkọ̀ ṣe tán, orin tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi sínú rẹ̀ ló fi ń dán an wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàdé orin ọmọbìnrin kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní jáàsì ni, àmọ́ ó fi orin ìgbàlódé lú u. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ tipẹ́, ọkọ mi ṣì ń kùn ún lẹ́nu.

Kí n má purọ́, èmi ò kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní irú orin wo nìyí, tí kò ṣeé jó, tí kò ṣeé gbè. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Jáàsì, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tó wẹ̀ tán, á tẹ́ ẹní, á mú íápíìsì, okùn tí wọ́n ń kì bọ etí láti fi gbọ́ orin lórí fóònù, á ki ẹyọ kan bọ etí tiẹ̀, á na ẹyọ kejì sí mi. "Ìyá Àmínà, gbà, tìẹ rèé." Etí ọ̀tún tèmi, etí òsì tiẹ̀, okùn kan láàárín wa. Á ní kí n gbọ́ fèrè yẹn, kí n gbọ́ bó ṣe rọra fa ohùn yẹn sílẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kí ọdún tó yípo, èmi náà ti mọ gbogbo orin inú àwo yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwo kejì la wá ń retí. Ọdún mẹ́rin la fi retí ẹ̀.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọkọ mi. Àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n ní àwọn máa fún un lábẹ́rẹ́ oorun, kò ní mọ nǹkan kan títí àwọn á fi ṣe é tán. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tí àwo yẹn bá jáde kí n tó jí, má dá gbọ́ ọ o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ lọ sùn jàre."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Kò jí. Ẹ fi í sọ́kàn pé ó sùn ni o. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibi tó ń lọ, kò ní padà.

Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe fìdáù, mo bọ́ sínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Àfáà kà fún mi. Mi ò gbọdọ̀ jáde, mi ò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, mi ò gbọdọ̀ fi nǹkan ṣẹ̀ṣọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ pa. Màámi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi gbé, àwọn ló ń lọ mú Àmínà wá láti ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Àmínà. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún wa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n sin ọkọ mi, lọ́jọ́ Jímọ̀, fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Mi ò tíì pa á láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń gba iná sí i. Mo wo ojú rẹ̀. Àwo kejì ti jáde.

Mo sunkún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọbìnrin olórin yẹn níbi tí mo jókòó sí. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò rí i gbé jáde, ìgbà tí ọkọ mi kú tán ló rántí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Àílà, Màámi lọ mú ọmọ. Ilé dákẹ́. Mo mọ̀ pé opó ni mí, mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo tẹ́ ẹní, mo ki íápíìsì kan bọ etí ọ̀tún mi, mo tẹ orin àkọ́kọ́. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, mo bá na ẹyọ kejì sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní. Mo ní, "Ẹ gbà, tiyín rèé."

Ó gbà á.

Okùn yẹn le. Ẹ̀yin náà ti di okùn mú rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ tí ẹlòmíì bá di orí kejì mú. Mo yíjú. Íápíìsì ò sí lórí ẹní mọ́. Ó wà lókè, ó dúró nínú afẹ́fẹ́, níbi tí etí ọkùnrin máa ń wà tó bá jókòó.

Mo já tèmi sọ nù, mo dìde, mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé opó ni mí. Ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Mo dúró síbẹ̀ títí Màámi fi ṣílẹ̀kùn géètì.

Ẹni tó bá gbọ́n ò ní dé ìdí ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún tẹ́ ẹní. Ẹ má bá mi wí. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí.

Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé, òórùn wáyà tó jóná, bó ṣe máa ń rùn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ á máa lu orúnkún mi jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń lù ú. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀ o. Mò ń wo orúnkún mi, aṣọ ń wọlé, ó ń jáde, bí ìka ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó já mi láyà ni bó ṣe ń kùn. Ó ń kun orin yẹn ṣáájú olórin. Kí ọmọbìnrin náà tó gbé ohùn lọ síbì kan, ọkọ mi ti dé ibẹ̀. Àwo tó jáde lẹ́yìn tó ti kú. Mi ò bi í pé ibo ló ti gbọ́ ọ.

Orin mẹ́wàá ló wà nínú àwo náà. Tó bá ti di ìkẹsàn-án, géètì á dún, Màámi àti Àmínà ti dé nìyẹn, íápíìsì á já bọ́ sórí ẹní. A ò gbọ́ ìkẹwàá rí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, nínú etí mi gan-an: "Ìyá Àmínà."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé ká má jẹ́ ìpè ẹni tá ò bá rí. Mo jẹ́ ẹ. Mo ní, "Sà?"

Ó ní, "Ṣé wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ yẹn tán ni? Òtútù ibí pọ̀."

Ọkọ mi ò mọ̀. Wọ́n ní kó sùn, ó sùn, ó ṣì ń retí kí wọ́n jí òun.

Mo ní, "Ó kù díẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màámi ń ṣa ẹ̀wà. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Màámi, tí ẹni tó kú ò bá mọ̀ pé òun ti kú ńkọ́?"

Ọwọ́ wọn dúró nínú àwo ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Wọ́n á sọ fún un ni. Ẹni tó fẹ́ràn jù ló máa sọ fún un. Tó bá ti gbọ́, á máa lọ síbi ìsinmi rẹ̀, kò ní wá mọ́." Wọ́n wò mí. "Ta ni kò mọ̀?"

"Mo kàn béèrè ni, Màámi."

Kò ní wá mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo tẹ́ ẹní, mi ò sì sọ nǹkan kan fún un. Lọ́jọ́ kejì, mi ò sọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, mi ò sọ. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún orin mẹ́sàn-án lójúmọ́, mo ní ìyẹn tó mi.

Àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ. "Àmínà ńkọ́? Mú un wá kó wá gbọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbí." Mo ní ó wà nílé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún béèrè. Ọwọ́ tó ń lu orúnkún mi wá ń wúwo sí i, ó tutù débi pé mo máa ń fi aṣọ nípọn bo ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń tẹ́ ẹní.

Lọ́jọ́ kan, ilé ìwé gba ìsinmi. Màámi lọ ra ata. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé láti ṣe àlùwàlá, Àmínà ń ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò pẹ́ rárá. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò pẹ́.

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ mi ti tẹ́ ẹní fúnra rẹ̀. Íápíìsì kan wà létí rẹ̀. Èkejì dúró nínú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé, ètè rẹ̀ ti funfun, ó ń kun orin kan tí mi ò mọ̀. Mo wo fóònù. Ìkẹwàá ni.

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi inú kànga.

"Àmínà," mo rọra pè é.

Kò la ojú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó parí, Màmá mi. Bàbá mi ní tó bá ti parí, àwọn á mú mi dání."

Ìlà tó ń fi ibi tí orin dé hàn lójú fóònù ti fẹ́ẹ̀ dé ìparí. Mo fa okùn náà. Kò tú. Mo tún fà á, wọ́n sì fà á padà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bá tẹ orí mọ́lẹ̀, mo fi eyín já a.

Ọmọ mi ṣubú lé mi láyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Etí mi ò sí lára okùn kankan, síbẹ̀ mo gbọ́ ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìyá Àmínà, kí ni mo ṣe?"

Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ fún un. Mo gbé ọmọ mi, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bùọ̀dá Gàníyù ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n ti kó irin iṣẹ́ àti aṣọ rẹ̀ lọ lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, fóònù yìí nìkan ni mo fà mọ́ wọn lọ́wọ́, mo ní àwòrán wa ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá béèrè, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e fún wọn. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é?"

Mo ní, "Kò sí, sà."

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n ti tà á n'Ìkòtún. Wọ́n ní ó ń dá kọrin lọ́sàn-án, àwọn ò fẹ́ irú ẹ̀ nílé. Mo béèrè ẹni tó rà á. Wọ́n ní ẹnì kan tó ń kọjá lọ ni.

Ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ opó, mi ò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìkòtún ni mo lọ. Mo wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fóònù láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń ṣàlàyé gíláàsì rẹ̀ tó sán ní igun kan, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Mo ti lọ tó ìgbà mẹ́fà báyìí. Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi ni pé ó ti kú. Mo ti ṣe tán báyìí. Mo fi àwo náà sórí fóònù tèmi, mo ra íápíìsì tuntun, mo ní, "Ẹ gbà, tiyín rèé." Íápíìsì náà wà lórí ẹní bẹ́ẹ̀, títí orin kẹsàn-án fi tán. Mo pa á.

Ara Àmínà ò gbóná mọ́ láti ọjọ́ tí mo já okùn yẹn. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ó ń kun orin kẹwàá yẹn. Tó bá ti dé ibi tí mo ti já okùn, á dákẹ́, á wá máa tẹ́tí. Orin náà sì ti wá gba ìgboro. Tí a bá wọ kẹ̀kẹ́ tí mo gbọ́ ọ, mo máa ń bẹ onítọ̀hún kó pa á, tí kò bá gbà, a máa ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí Àmínà máa gbọ́ ìparí ẹ̀ níbi tí mi ò sí. Ọjọ́ yẹn ń bọ̀. Mo mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fóònù àlòkù n'Ìkòtún, ẹ gbọ́ mi o. Tí ẹ bá rí dúdú kan tí gíláàsì rẹ̀ sán ní igun, tí orin mẹ́wàá ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe ki íápíìsì bọ etí kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín sún mọ́ ọn. Tí ọkùnrin kan bá béèrè lọ́wọ́ yín pé ṣé wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ òun tán, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì sọ fún un pé ó ti kú. Kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì.