Pápá Ńlá Tí Ọ̀gá Wa Yàn fún Rọ́gíbì

Ọ̀gá wa kò fẹ́ràn ohun kékeré. Bí ó bá ra kọfí, ife tó tóbi jù ni yóò rà, yóò mu ẹnu kan, yóò sì gbàgbé ìyókù sórí tábìlì mi. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tó pè wá jọ ní ọ́fíìsì wa ní Vaughan, lẹ́bàá Toronto, tó ní òun ti rí pápá tí a ó lò.

Ètò eré ìdárayá niṣẹ́ wa. Lọ́dún náà, rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá ni wọ́n gbé fún wa. Gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú ìdíje yóò kóra jọ sí pápá kan ṣoṣo, wọn yóò fi Sátidé àti Sọ́ńdè gbá a, kí ará Toronto tí kò mọ̀ ọ́n rí lè wá wò ó, kí ìfẹ́ rẹ̀ sì wọ̀ wọ́n lára. Èrò tó dára ni. Ibi tí a ó ti ṣe é ló di ọ̀rọ̀.

Èmi dábàá pápá kan ní Brooklin, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Toronto. Kò tóbi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá rọ́gíbì níbẹ̀, àwọn òbí wọn a sì máa gbé àga wá láti ilé. Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo ní ká lọ gbá a lẹ́yìnkùlé ìyá mi.

"Brooklin? Ta ló máa rí wa níbẹ̀?"

"Àwọn tó fẹ́ràn rọ́gíbì."

Ó rẹ́rìn-ín, irú èyí tí àgbàlagbà máa ń rín fún ọmọdé tó ní òun fẹ́ fò. Ó wá fi àwòrán pápá ńlá kan létí adágún hàn wá, ìjókòó rẹ̀ lọ salalu. Ó ní bí ilé bá ti tóbi, àlejò á wá. Ọgbọ́n ńlá! Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá àlejò. Auntie kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì ni, Meadowvale ló ń gbé. Mo pè wọ́n lórí fóònù.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wo rọ́gíbì."

"Ṣé èyí tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn bí ẹni tó ń jà du ogún bàbá?"

"Òun ni, ma."

"Màá wá. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń bí wọn nínú."

Nígbà tí Sátidé máa dé, wọ́n ti subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wa, pa fún àtúnṣe. Subway wa mọ ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí adágún bí ẹni tí wọ́n san owó fún. Àwọn tó wá jókòó sójú kan nínú oòrùn, wọ́n dà bí ṣíbí ìrẹsì kan nínú ìkòkò ìnáwó. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣépè, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ.

Láìpẹ́, ọ̀gá sáré tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kó wọn lọ sí òdìkejì! Àga lásán ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń wò!"

Mo gba máìkì, mo bẹ àwọn ènìyàn. Wọ́n dìde, wọ́n ń kùn, wọ́n gbé ọmọ àti búláńkẹ́ẹ̀tì wọn. Auntie nìkan ni kò mira.

"Auntie, ẹ dákun, nítorí kámẹ́rà ni."

"Ṣé kámẹ́rà ló gbé mi wá? Oòrùn ń bẹ níbí. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ń rí i nílùú yìí?"

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọmọkùnrin gíga kan já gba àárín ọ̀tá kọjá, ó fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó sì jẹ àmì ayò. Ohun tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, gbogbo èrò wa sì ti kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń wá àga. Ó gbójú sókè, ó ń retí ariwo. Auntie nìkan ló rí, lórí ìdúró, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń pariwo, "O káre, ọmọ mi!" Ọmọ náà tẹrí ba fún wọn.

Nígbà tí eré parí, ọmọ náà wá bọ Auntie lọ́wọ́. Wọ́n yẹ orúnkún rẹ̀ tó bó wò, wọ́n ní kó lọ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ní Sọ́ńdè, èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Auntie kó àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì dé lẹ́yìn ìsìn, Auntie sì ń ṣàlàyé òfin rọ́gíbì fún wọn. Òfin tí wọ́n hùmọ̀ fúnra wọn ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé èmi náà jókòó tì wọ́n.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá ní àṣeyọrí ńlá ni. Ó ní ohun kan ṣoṣo tó dí wa lọ́wọ́ ni pé pápá náà kò ní òrùlé. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò wá èyí tó tún tóbi jù ú lọ, tó ní òrùlé. Mo ní kó fi mí sí ẹ̀ka tó ń ṣètò ọkọ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó gbà. Ó kéré tán, bọ́ọ̀sì tí a bá háyà níbẹ̀ máa ń kún.