Òǹtẹ̀ Ọkọ Mal-rye

Ká ní Mal-rye mọ̀ pé òǹtẹ̀ kékeré yẹn ló máa fẹ́ gba oko lọ́wọ́ òun ni, ì bá ti dáná sun ún. Ta ló mọ̀? Ọ̀dọ̀ Du-sik, olórí abúlé, ni gbogbo ilé ń kó òǹtẹ̀ wọn sí, èyí tó dúró fún ìfọwọ́síwèé. Bí ajílẹ̀ ìjọba bá dé, Du-sik á bá wọn tẹ̀ ẹ́ síwèé, kálukú á máa bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àbí?

Ilẹ̀ iyọ̀ ni oko yẹn tẹ́lẹ̀. Mal-rye àti ọkọ rẹ̀ ló fi omi odò fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún títí ìrẹsì fi gbà láti hù níbẹ̀. Àmọ́ Seoul ni onílẹ̀ ń gbé. Ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni Mal-rye ń san. Iléeṣẹ́ kan ti wá fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe iná sólà. Bí ará abúlé bá ti gbà, páńẹ́lì sólà á bo gbogbo rẹ̀, Mal-rye ò sì ní ibòmíì tó máa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé abúlé, ọkùnrin iléeṣẹ́ sólà na ìwé ìfọwọ́sí sókè.

"Ilé mọ́kànlélógójì, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i! Ẹ ṣeun o."

Mal-rye ò fọwọ́ sí nǹkan kan ní tirẹ̀. Bó ṣe fẹ́ dìde ni Ae-sim, ìyá Du-sik, fà á láṣọ. Láti ìgbà táwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́.

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé o fẹ́ dójú ti ọmọ mi ni?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mal-rye já aṣọ gbà.

"Ẹ jẹ́ n rí ìwé yẹn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Du-sik bẹ Mal-rye, "ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ibí la ti máa sọ ọ́!"

Mal-rye gba ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ wálẹ̀. Kò rí tirẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló rí, tòun ti òǹtẹ̀ pupa: Ok Chun-bae, tó ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Òǹtẹ̀ olóògbé ló ti wà lọ́dọ̀ Du-sik látọjọ́ yìí. Inú bí i débi pé ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Du-sik, níbo lo ti rí ọkọ mi? Látìgbà tí mo ti ń ro koríko orí sàréè rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìwọ ló wá bá sọ ọ́, pé kí n kúrò lóko?"

"Ìyá àgbà, àṣìṣe kékeré ni," ọkùnrin sólà dá sí i.

"Ẹ dákẹ́! Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín."

Obìnrin kan tí ìjọba ìbílẹ̀ rán wá sípàdé náà gbé bírò kalẹ̀. "Olórí abúlé, ṣé ẹ bi màmá yìí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

Du-sik fa àpò tó kó òǹtẹ̀ sí mọ́ra. "Mo rò pé wọ́n máa gbà ni. Iléeṣẹ́ láwọn á ṣe títì fún wa."

Mal-rye nawọ́. Du-sik tú àpò òǹtẹ̀, ó fún un ní ti ọkọ rẹ̀. Kálukú ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ba Mal-rye gan-an: ilé kan péré nínú mọ́kànlélógójì, kí ló fẹ́ dá dúró?

Lẹ́yìn rẹ̀, Ae-sim rọra dìde. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó kàn tẹ́ ọwọ́.

"Fún mi ní òǹtẹ̀ ilé mi."

"Ìyá mi, ẹ̀yin náà?"

"O ò bi èmi náà léèrè, Du-sik."