Ère Olójú Méjì, Ọ̀gágun Tí Kò Ní Ibojì

Ọdún mẹ́ta rèé tí Ọ̀gágun Melchor Catari kú sórí awọ àgùntàn, nínú yàrá tí òjò ń jò sí. Ìjọba ò yin ìbọn kan fún un. Àwa mẹ́rin la gbé e lọ sí itẹ́ òkú, èjìká tèmi wà lápá ọ̀tún.

Ọkùnrin yìí ló kó darandaran àti awakùsà jọ nígbà tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú ìlú wa, Tarapampa, ṣì ń fẹnu ko ọwọ́ ará Sípéènì tó ń jọba lé wa lórí. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jà lórí òkè, ojú rẹ̀ kan sì bá ogun lọ. Bá a bá bi í léèrè, á ní: "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ọ̀kan tó kù yìí tó fi rí ọ̀lẹ."

Ta ni ò mọ̀ pé ọdún mẹ́ta la fi ń tẹ́ oúnjẹ fún òkú wa? Ọdún kẹta la sì ń dágbére fún un pátápátá, lórí ibojì rẹ̀. Nicolasa, ìyàwó rẹ̀, yan búrẹ́dì, ó gbé ọtí àgbàdo, ó lọ. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló bá. Òkúta ibojì dà? Ìjọba ti kó gbogbo wọn lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ ère Melchor lórí ẹṣin, ní gbàgede ìlú! Ẹ gbà mí o! Òkúta tó ní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀ sábẹ́ ère rẹ̀.

Ó tọ akọ̀wé ìlú lọ.

"Ìyá, kí lẹ wá ń bínú sí? Ère ọkọ yín nìyẹn. Ẹ gbé búrẹ́dì yín síbẹ̀."

"Ọmọ mi, ta nìyẹn? Ọkọ mi ò gun ẹṣin rí láyé ẹ̀. Ojú kan ló ní. Níbo lẹ ti bá a ra ìkejì?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Èèyàn ńlá ò ṣeé gbẹ́ lójú kan, ìyá."

"Ṣé ó wá ṣeé sọ nù ni?"

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwa tá a sin ín, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń tọ́ka sí pé ibojì náà wà. Ìwé tí wọ́n kọ ipò ibojì sí wà nínú àpótí alákòóso ìlú, ó tì í pa. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú, ojú ò tì yín? Ẹ mọ iye bọ́tìnì tó wà lẹ́wù ère, ẹ ò bìkítà nípa ibi tí egungun ọkùnrin náà wà!

A ò bẹ̀ yín o. Ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ. Ẹ ṣí ìwé yẹn, kí obìnrin yìí dágbére fún ọkọ ẹ̀. Bó bá fi di ọjọ́ Àìkú tẹ́ ẹ ò ṣe é, àwa àti awakùsà ń bọ̀ ní gbàgede pẹ̀lú ọ̀pá irin, a ó hú òkúta wa. Ẹni tó lé ọba Sípéènì kúrò nílẹ̀ yìí kò ní tọrọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà nínú ẹ̀ lọ́wọ́ yín.