Báàtì Ààrá àti Ọwọ́ Sẹkinat

Ọjọ́ tí wọ́n kọ báàtì wa ní Ẹ̀pẹ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Láàárọ̀ Sátidé náà, ẹgbẹ́ sọ́fítíbọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa gbéra láti Ìkòròdú lọ bá ẹgbẹ́ Ẹ̀pẹ́ ṣeré. Báàtì kan ṣoṣo la ní, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ààrá là ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ réré. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, rẹfirí fi í sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán báàtì wò, ó sì mi orí.

"Báàtì yìí ti rọ̀ jù, ó ń ta bọ́ọ̀lù bíi rọ́bà. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo irú rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù tó bá bà á máa yára ju ohun tí èèyàn lè yẹ̀ lọ."

Inú bí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé torí pé àlejò ni wá ni?"

Kóòṣì wa ti ń kó ẹrù nígbà tí Sẹkinat, ọmọbìnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Ẹ̀pẹ́, gbé báàtì tiwọn wá. "Ẹ gba tiwa. Eré la wá ṣe."

Nígbà tó kàn mí, mo fi gbogbo ìbínú gbá bọ́ọ̀lù. Ojú Sẹkinat ló forí lé tààrà! Mo pariwo, "Yéè!" Ó gbá a mú níwájú imú rẹ̀ gan-an.

Rẹfirí ní bí Sẹkinat ṣe mú bọ́ọ̀lù náà kó tó balẹ̀, mo ti jáde nìyẹn, kí n lọ jókòó. Ayọ̀ ni mo fi lọ. Ká ní Ààrá ni mo fi gbá a, ọwọ́ Sẹkinat kì bá tí tètè dé ibẹ̀.

A kò borí. Èmi fúnra mi ni mo gbé Ààrá fún rẹfirí pé kí wọ́n máa mú un lọ. Mo wá bi Sẹkinat pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ ní Ìkòròdú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà ti wá báàtì gidi dè wá."