Ọkọ̀ Italy Tí Ọkọ Mi Tún Ṣe Jù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú wa rí nínú garage wa ní Falconridge, nílùú òyìnbó tá à ń gbé. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ni ibi iṣẹ́ ọkọ mi ní kó máa lọ sílé. Ẹnjiníà àgbà ni o! Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ síta, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n jẹ́ kó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Látìgbà náà, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Á kàn jókòó, á máa wo snow.

Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un dìde ni ọkọ̀ Italy àtijọ́ kan tó ti rà nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa. Ìyàwó kejì ni mo máa ń pè é! Ẹgbẹ́ kan wà níbí tó máa ń fi ọkọ̀ àtijọ́ sáré ìdíje ní summer. Wọ́n ní bí ọkọ̀ náà bá yege nígbà àyẹ̀wò, ọkọ mi lè bá wọn sáré. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú ilé?

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti kú, ẹ̀yin náà sì mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ṣé ẹ ò ní wá tòkunbọ̀ tó tuntun jù ú lọ, kẹ́ ẹ gbé e sí i? Ta ló máa bínú? Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bàbá ọkọ mi ní Mushin lòun náà ti kọ́ ọ. Ó gbé ẹ́ńjìnnì tó tuntun sí i, ó pààrọ̀ bíréèkì, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ fún àwọn tó ń rún irin àlòkù.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, mo din dòdò sílẹ̀ de àlejò. Òyìnbó tí ẹgbẹ́ náà rán wá níwà jẹ́jẹ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹ́ńjìnnì náà dáadáa. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi dára gan-an, àmọ́ irú ẹ́ńjìnnì tó wà lásìkò tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà nìkan ni àwọn ń gbà. Èyí ti tuntun jù. Kò lè bá wọn sáré.

Ọkọ mi ní tóun bá dá ti tẹ́lẹ̀ padà ńkọ́? Níbo ló ti fẹ́ rí i? Wọ́n ti rún un!

Tọ́lá, ọmọ wa, ní, "But Daddy, you made it better!"

Nígbà tí àlejò lọ, mo ní, "Dádì Tọ́lá, ẹ wá jẹun."

Ó ní, "Mọ́mì Tọ́lá, níbi iṣẹ́, mo ti dàgbà jù fún wọn. Ọkọ̀ mi, wọ́n ní kò dàgbà tó. Kí ni kí n wá ṣe fún wọn nílùú yìí?"

Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ká kọ́kọ́ béèrè òfin ibi tá a wà, ká tó máa tún nǹkan ṣe bíi tilé. Àmọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ò wúlò fún ọkọ mi báyìí. Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ tàbí bàbá yín, kí lẹ sọ fún un tó fi padà bọ̀ sípò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti sọ fún un tán.